Rọ́bà Tó Ti Inú Iyanrìn Wá

Gbogbo wa la mọ ìwà rọ́bà tí àwọn oníṣòwò fi ń di owó. Nígbà tó ṣì tuntun, ó ń nà, ó sì ń súnkì. Ẹ fi í sójú fèrèsé kí oòrùn máa pa á: kò ní pẹ́ tí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ owó. Tó bá yá, á gan, á sì máa já wẹ́wẹ́. Oje igi ni ọ̀pọ̀ irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, okùn kábọ̀n tín-ín-tìn-ìn-tín ló wà nínú rẹ̀, okùn yìí sì ni oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń gé.

Rọ́bà sílíkóònù kò jẹ́ kí oòrùn ṣe é báyẹn. Iyanrìn ni ìpilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi iná ńlá yọ́ iyanrìn pọ̀ mọ́ èédú. Èédú á gba ọ́síjìn inú rẹ̀ lọ, sílíkọ́nì á ṣẹ́kù. Ní 1940, Eugene Rochow ti ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà tó rọrùn láti máa sọ sílíkọ́nì di èròjà rọ́bà. Nínú okùn rọ́bà yìí, sílíkọ́nì ló di ọ́síjìn mú, ọ́síjìn di sílíkọ́nì mú, títí lọ, ìdè náà yi, okùn náà sì rọrùn láti tẹ̀. Ìdí nìyí tí kì í fi gan nínú òtútù tó jẹ́ 50 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí kì í sì yọ́ nínú ooru 200. Àmọ́ tí abẹ́ bá ti kàn án, ó rọrùn láti ya, epo bẹntiróòlù sì ń mú un wú. Kò ṣeé fi ṣe táyà.

Ibi tó ti wú mi lórí jù ni ìwòsàn. Ní 1955, wọ́n bí ọmọ kan fún John Holter, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ àgádágodo ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Omi ń kún ọmọ náà lórí. Bàbá yìí jókòó ti iṣẹ́, ó ṣe fáàfù kékeré tí yóò máa fa omi náà kúrò láì jẹ́ kó padà. Ohun tó máa wọ ara ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ooru tó ń pa kòkòrò àìsàn kọjá, ara kò sì gbọ́dọ̀ bá a jà. Sílíkóònù ló kájú ẹ̀. Láti 1956 ni àwọn dókítà ti ń fi irú rẹ̀ sára àwọn ọmọdé. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn náà. Inú ikùn ni wọ́n sábà máa ń darí ọ̀pá tó ń gbé omi náà sí báyìí, wọ́n á sì fi èyí tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ síbẹ̀, kí ọmọ lè rí i lò bó ṣe ń ga.