Ta Ló Lè Ta Ilẹ̀ Ọmọ?

Ìyá kan kúnlẹ̀ kí mi ní Abúlé Adó: "Àbọrú àbọyè, Bàbá." Ó fa owó yọ, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò ṣe wílì. Ilẹ̀ kan ló fi sílẹ̀ fún ọmọ méjì, àgbà ò tíì ju ọdún mọ́kànlá lọ. Ìyá fẹ́ tà á san owó ilé-ìwé. Kí Ifá sọ bóyá oníbàárà náà ṣe é fọkàn tán.

Mi ò tíì fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀. Mo ní, "Ìyá ọmọ, ilẹ̀ ta ni?"

Ó ní tòun ni. Rárá o. Nínú àṣà wa, ọmọ ló ń jogún bàbá, aya kì í jogún ọkọ; ilé-ẹjọ́ tó ga jù sọ ọ́ ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu. Ọ̀rọ̀ náà korò, mo mọ̀. Ká ní wọ́n ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ni, òfin mìíràn ni ìbá tẹ̀ lé. Ìdána nìkan ni wọ́n ṣe. Ẹ̀gbọ́n olóògbé pàápàá, alágbàtọ́ lásán ni. Bí títà bá máa ṣe ọmọ láǹfààní, kọ́ọ̀tù ni kó fàṣẹ sí i.

"Ifá ńkọ́, Bàbá?"

Mo ní Ifá kì í sọ ohun ọmọ di ti ìyá. Mo dá owó rẹ̀ padà. Ó ní òun ń lọ wá lọ́yà ní Fẹ́sítáàkì.