Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Jẹun

Lóṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ tàbí ti ìpàdé ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ìjà kékeré kan tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ló fà á.

Àkọ́bí mi obìnrin bímọ. Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù 7, wọ́n wá kí mi. Mo se ẹ̀kọ gbígbóná, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo gbé ọmọ-ọmọ mi lé itan, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì sí i lẹ́nu, mo ní kí n máa rọ ọ́ bí ìyá mi ti rọ èmi náà. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀. Ni ìyá rẹ̀ bá sáré jáde láti yàrá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun." Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ tí a rọ, ṣé o kú ni?" Kò fèsì. Àmọ́ lóru ọjọ́ náà n kò rí oorun sùn, torí mo mọ̀ pé díẹ̀ báyìí ló kù kó kú.

Ọdún 1993 ni mo bí i. Ìyá ọkọ mi ló ń rọ ọ́ nígbà tí mo bá wà ní ìsọ̀ èlùbọ́ mi ní Kútọ̀. Gbogbo wa la mọ bí a ti ń ṣe é. Wọ́n á da ẹ̀kọ sí àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n fi bo ọmọ lẹ́nu, wọ́n á fi ìka dí i nímú. Ọmọ á fẹ́ mí, kó tó lè mí, dandan ni kó gbé e mì. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀kọ gba ọ̀nà èémí lọ. Ikọ́ dé, ibà dé, ọmọ ń mí gúlegúle. Ọjọ́ 9 la lò ní ọsibítù, tí dọ́kítà ń sọ pé ẹ̀kọ ló wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọlọ́run ló bá mi yọ ọ́. N kò bá ìyá ọkọ mi jà, torí ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ṣe, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé abọ́ sún mọ́ ọmọ yẹn, ẹkún ni. Ó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ ṣì jẹ́ ogun láàárín wa. Á di òkèlè mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọ̀bọ, pàṣán á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Oúnjẹ tí mo bá dì fún un lọ síléèwé, òun náà ló máa ń gbé padà wálé.

Ọdún 2003 ni mo bí àbíkẹ́yìn. Ìyá ọkọ mi ti sùn nígbà náà, kò sì sí ẹni tí yóò bá mi rọ ọmọ. Oníbàárà ń pè níwá, alábàárù ń pè lẹ́yìn. Mo kàn tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú ìsọ̀, mo gbé ọmọ jókòó, mo gé ẹ̀kọ tútù àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ń fọwọ́ mú un, ó ń fi ra ojú, ó ń jẹ. Títí di òní, kò sí oúnjẹ tí ọmọ náà ń kọ̀. Mo rò pé orí ló yàtọ̀. Lóòótọ́, orí yàtọ̀, ọmọ kan kò jọ èkejì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjà tí mo sọ yìí, mo lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní sẹ̀nítà, mo sì ní kí wọ́n ka ohun tó wà nínú ìwé fún mi. Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ síbí.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ BẸ́Ẹ̀?

Ní ìlú Òyìnbó, obìnrin kan tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ̀wò ìlera sílé àwọn ìyá ọlọ́mọ, Gill Rapley, òun àti Tracey Murkett, kọ ìwé kan jáde lọ́dún 2008. Wọ́n ní tí ọmọ bá ti pé oṣù 6, tó lè jókòó, tó ń na ọwọ́ sí oúnjẹ ìyá rẹ̀, kí á gbé oúnjẹ tó rọ̀ síwájú rẹ̀, kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Kí á má fi ṣíbí lé e kiri. Ṣé ẹ rí i, ohun tí àìráyè sọ èmi dà nínú ìsọ̀ ni àwọn yẹn fi kọ ìwé!

Ṣáájú oṣù 6, ọmú nìkan ni. Bí ó bá sì ti ń jẹun tán, kí ọmú má dúró, ó dáa kó máa mu ún títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÀWỌN TÓ DÁN AN WÒ

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù báyìí lọ. Lọ́dún 1926, ní Amẹ́ríkà, dọ́kítà obìnrin kan, Clara Davis, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tó wá lọ títí ní ìlú Chicago. Àwọn ọmọ 15 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já lẹ́nu ọmú ni ó kó jọ. Oúnjẹ oríṣi 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nílẹ̀, ẹran, ẹyin, èso, ewébẹ̀, wàrà, ọkà. Wọ́n á gbé díẹ̀díẹ̀ nínú wọn síwájú ọmọ. Nọ́ọ̀sì á jókòó tì í, kò ní bẹ̀ ẹ́, kò ní bá a wí. Àfi tí ọmọ bá nawọ́ sí nǹkan ni yóò tó bù ú fún un. Àwọn ọmọ náà ń jẹ bí ó ti wù wọ́n, lọ́jọ́ kan ẹyin púpọ̀, lọ́jọ́ kejì èso púpọ̀. Síbẹ̀ wọ́n dàgbà dáadáa, ara wọn sì le. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbọ́ àlàyé tí dọ́kítà náà ṣe fúnra rẹ̀. Ó ní àṣírí rẹ̀ ni pé kò sí ìdọ̀tí oúnjẹ nínú ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn, kò sí ṣúgà, kò sí súìtì. Ìyẹn ni pé àgbà ló yan ohun tó wà nínú àwo, ọmọ ló yan iye tí òun yóò jẹ.

Ti àìpẹ́ yìí ni ti New Zealand. Wọ́n pín ìyá 206 sí ọ̀nà méjì, àwọn kan fi ṣíbí bọ́ ọmọ, àwọn kan jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ jẹ. Ọdún 2017 ni èsì rẹ̀ jáde. Àwọn tó fọwọ́ jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣa oúnjẹ jẹ bíi ti àwọn yòókù, oúnjẹ sì ń dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ti sísanra, kò sí ìyàtọ̀. Ní ti mímọ ìgbà tí ọmọ yó, àwọn tí wọ́n fi ṣíbí bọ́ tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ díẹ̀ nígbà tí wọ́n pé ọdún 2.

Kí ni èyí kọ́ mi? Ó kọ́ mi pé ṣíbí kọ́ ni ọ̀tá, ipá ni ọ̀tá. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti sọ ọ́ láti ọdún 2003 pé kí ìyá máa bọ́ ọmọ pẹ̀lú sùúrù, kí ó máa wo ojú rẹ̀, kí ó má fi ipá mú un. Ọmọ tó bá yí orí padà, ọ̀rọ̀ ló sọ yẹn. Ó ní òun yó. Tí a bá dí i nímú, a ti sọ fún un pé ikùn rẹ̀ ń purọ́. Ẹni tí wọ́n bá ń sọ bẹ́ẹ̀ fún lójoojúmọ́, tó bá dàgbà, báwo ni yóò ṣe gba ikùn ara rẹ̀ gbọ́?

Ẹ̀KỌ NÌKAN KÒ TÓ

Ọ̀rọ̀ míì wà nínú rírọ. Kí ẹ̀kọ tó lè ṣeé rọ, ó gbọ́dọ̀ ṣàn. Kó tó lè ṣàn, a ti bu omi lé e. Ikùn ọmọ kéré, omi ló sì kún un. Ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí bá àwọn ìyá jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, epo pupa àti ṣúgà díẹ̀ sí ẹ̀kọ, wọ́n sọ ọ́ ní Ẹ̀kọ Ìlera. Àwọn ti FIIRO ní Òṣòdì náà ti po sóyà mọ́ ògì tipẹ́. Ẹ̀kọ kò burú o, àìsí nǹkan nínú rẹ̀ ló burú. Èyí tí ọmọ gbé wá látinú ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń pọ́n, bó bá ti tó oṣù 6 ó ti ń tán lọ. Ẹja, ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹyin ló ń dá a padà, ẹ̀wà náà sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí á jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ pé ọmọ tó bá jẹ ẹyin yóò di olè. Ebi ló ń sọ ọmọ di olè, kì í ṣe ẹyin.

BÍ A Ó TI ṢE É

1. Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ní ń bá àgbà jẹun. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, ẹ fọ tiyín náà. Owó ọjà kò mọ́.

2. Ẹ gbé e jókòó dáadáa, ẹ má fi í sùn jẹun, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹni tí oníbàárà bá pè, kó kọ́kọ́ gbé àwo kúrò níwájú ọmọ.

3. Ẹ gé oúnjẹ tó rọ̀ ní gígùn bí ìka. Ọ̀lẹ̀lẹ̀, iṣu sísè, ànàmọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ìbẹ́pẹ, ẹyin sísè tó jinná dáadáa, ẹja tí ẹ ti yọ gbogbo eegun rẹ̀. Àmàlà láfún àti ewédú náà kò burú, ẹ kàn má fi ata pa á.

4. Ẹ má fún un ní ẹ̀pà, gúgúrú, súìtì, ẹran tó le, tàbí èso tó ní kóró. Oyin kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1.

5. Tí ọmọ bá ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ bì, tó ń wúkọ́, ẹ fara balẹ̀, ara rẹ̀ ló ń ti oúnjẹ jáde. Àmọ́ tí kò bá lè sunkún, tí ohùn kò jáde, oúnjẹ ti há a nìyẹn. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹnì kan máa wá ọkọ̀ sí ọsibítù.

6. Tó bá fi ọwọ́ òsì mú un, ẹ má gbá a lọ́wọ́. Yóò mọ ọwọ́ ọ̀tún tó bá yá.

7. Tó bá yó, ó yó. Ẹ gbé àwo kúrò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń rù, tàbí tó ń ṣàìsàn tí kò jẹun, ẹ gbé e lọ sí sẹ̀nítà kíá.

Ọmọ-ọmọ mi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo tẹ́ ẹní, mo gé ọ̀lẹ̀lẹ̀ síwájú rẹ̀, mo di ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ ara wọn kí wọ́n má baà ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó jẹ ìdajì, ó ra ìdajì mọ́rí. Ìyá rẹ̀ ń wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá jókòó tì wá, ó bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ tirẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ wa kò ní í kú mọ́ wa lọ́wọ́ o.