Ojú Ò Ṣàìsàn, Ọpọlọ Ni

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àrùn rọpárọsẹ̀ lè mú ìríran lọ láìfọwọ́ kan ojú. Ọpọlọ tó wà níhà ìpàkọ́ ló ń jẹ́ ká mọ ohun tí ojú rí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá òsì ibẹ̀, ojú méjèèjì lè má rí apá ọ̀tún mọ́. Awò ojú ò lè tún un ṣe o!

Bó ṣe rí fún Màmá Àgbà mi nìyẹn. Wọ́n á jẹ ìrẹsì apá òsì àwo tán, wọ́n á ní, "Ẹran mi dà?" Àwọn kan ní ọjọ́ orí ni. Ẹran wà lọ́tùn-ún! A kàn máa ń yí àwo ni. Ní ti Bíbélì wọn, a fi bírò pupa kun etí ojú ewé lọ́tùn-ún. Wọn ò ní bọ́ sí ìlà kejì títí ojú wọn á fi kan pupa yẹn.