Oògùn Tí Ó Bá Nínú Àpò Ṣòkòtò Ọkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá àti aya ilé, nínú ẹ̀kọ́ aṣọ fífọ̀ tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́: ẹ tú gbogbo àpò aṣọ wò kí ẹ tó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí mo ti kọ́ rí wá bá mi nílé. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀. Nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ náà ni ó ti bá káádì oògùn kan. Hóró mẹ́wàá ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, mẹ́ta péré ni ó kù. Tramadol ni.

"Àǹtí," ni ó wí, "ó ní oògùn ara ríro ni, ṣùgbọ́n bí kò bá tíì lò ó, kò lè jókòó sídìí ọkọ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ní Nàìjíríà, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ni ó ṣi oògùn bíi tramadol àti codeine lò. Bí a bá sì ka mẹ́rin nínú àwọn tí ń lo oògùn olóró, ọ̀kan jẹ́ obìnrin.

Agbára Àwìn

Tramadol kì í ṣe ọ̀tá. Ní ọwọ́ oníṣègùn, oògùn rere ni fún ìrora líle. Ṣùgbọ́n awakọ̀, alábàárù, ọlọ́kadà àti alágbàṣe ń lò ó kí àárẹ̀ má baà mú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: oògùn yìí kò fún ẹnikẹ́ni ní agbára, ẹnu ara ni ó ń dí. Ara ti ké pé, "Ó tó," oògùn ní kí ó dákẹ́. Agbára àwìn ni, ara náà ni yóò sì san gbèsè. Bí ó bá pẹ́, hóró kan kò ní tó mọ́. Yóò di méjì, yóò di mẹ́rin. Àjọ NAFDAC kò fọwọ́ sí hóró tramadol tí ó ju mílígíráàmù 100 lọ. Síbẹ̀ àwọn kan ń ta 200 àti 225 ní ìkọ̀kọ̀.

Oorun Tí Kì Í Ṣe Oorun

Bí irú oògùn yìí bá pọ̀ jù lára, mímí ni ó máa ń dín kù, títí yóò fi dáwọ́ dúró. Ọtí, paraga tàbí oògùn oorun tí a bá lò pọ̀ mọ́ ọn a máa fi kún ewu náà. Tramadol tún lè mú gìrì wá. Ẹni tí ó ti fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì padà sí iye tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, wà nínú ewu ńlá, nítorí ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́ bí ti àtijọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú ni pé ará ilé a máa wí pé, "Ẹ jẹ́ kí ó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́." Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan, kí ẹ sì fi oríkèé ìka ra egungun àyà rẹ̀. Bí kò bá jí, bí ó bá ń hanrun bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, bí ètè àti èékánná rẹ̀ bá ṣú, tàbí bí ọmọlójú rẹ̀ bá kéré bí orí abẹ́rẹ́, kì í ṣe oorun mọ́.

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé ilẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú káádì oògùn náà dání. Bí mímí bá dáwọ́ dúró, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ naloxone, tí oníṣègùn fi lè dá mímí padà bí a bá tètè dé. Ẹ má da epo pupa, mílíìkì tàbí àgbo ìtọ̀ màálù sí i lẹ́nu: ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró.

Ó Kan Ilé, Ó Kan Ibi Iṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tàbí ilé-iṣẹ́, ẹni tí ẹ bá ní kí ó wa ọkọ̀ ní òru méjì láìsùn, ẹ̀yin ni ẹ ń rán an lọ sọ́dọ̀ olóògùn. Ẹ fún un ní ẹnìkejì tí wọn yóò jọ máa gbà á wà. Ẹ fún alágbàṣe ní àkókò oúnjẹ àti ìsinmi. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́, ẹ má lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rán an lọ gba ìtọ́jú. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta paraga létí gáréèjì, ẹ rántí pé ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń mu ún.

Nínú ilé, ẹ ti oògùn mọ́ inú àpótí, kí ẹ sì máa kà á. Ẹ má fi èyí tí dókítà kọ fún yín ta aládùúgbò lọ́rẹ. Ẹni tí ó ti mọ́ lára, ẹ má fi ipá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà, irú èyí tí ó wà ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi náà kò pariwo. Ó gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, ó dúró kí ó jẹun tán, ó wá bi í pé, "Olówó orí mi, iṣẹ́ wo ni ó ń rẹ̀ yín tó báyìí?" Nígbà náà ni ọkọ sọ pé ọ̀gá òun a máa fi owó kún owó ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé láti Kano. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní báyìí, àárín ìlú ni ó ń wa ọkọ̀ sí. Owó tí ń wọlé ti dín kù, ó sì ń dun àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń sùn lóru, ó sì ń jí láàárọ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.