Lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀: ohun tí asuráǹsì ń san, àti ohun tí kì í san

Lójú ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ gba Ṣákẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu, àti lórí ọ̀nà ńlá tó gba Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí Parakou, takisí, ọkọ̀ akẹ́rù àti alùpùpù ni wọ́n jọ ń pín ọ̀nà kan náà. Nígbà tí méjì nínú wọn bá forí gbárí, ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá ẹ̀mí kò bọ́. Bí ẹ̀mí kò bá bọ́, a ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọpẹ́ ni wàhálà kejì ń bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò tún ọkọ̀ ṣe? Ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn? Kí ni awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ ní gáráàjì yóò fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ní ìwé asuráǹsì nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn rà á nítorí ọlọ́pàá nìkan ni. Wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọn kò sì mọ ìgbésẹ̀ tó ń mú kí ó wúlò lọ́jọ́ ibi. Àwọn àgbà sì wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Asuráǹsì ta ni?

Òfin kan náà ló ń darí asuráǹsì ní Benin àti ní Togo. Code CIMA ni wọ́n ń pè é. Yaoundé ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí àdéhùn tó bí i, ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1992, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 1995. Abala 200 rẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn lórí ilẹ̀ ra asuráǹsì. Alùpùpù kò yọ sílẹ̀ nínú èyí.

Ṣùgbọ́n asuráǹsì tí òfin sọ di dandan yìí, tí a ń pè ní responsabilité civile, kì í ṣe ti ẹni tó rà á. Ti ẹlòmíràn ni. Ká ní takisí kan láti Kétu sáré wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn ní Pọ́bẹ̀. Iléeṣẹ́ asuráǹsì takisí náà ni yóò san owó àtúnṣe ọkọ̀ tó kọlù, òun náà ni yóò sì san ẹ̀tọ́ àwọn tó farapa. Ní ti iwájú takisí fúnra rẹ̀ tó ti wó, ẹnikẹ́ni kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, àfi bí ẹni tó ni ín bá ti fi owó kún owó, tó ra asuráǹsì tó ń bo ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú. Oríṣiríṣi ni èyí: òmíràn ń bo ìkọlù nìkan, òmíràn ń bo iná tàbí olè, tous risques sì ni èyí tó gbòòrò jù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bínú sí iléeṣẹ́ asuráǹsì lórí ohun tí wọn kò rà.

Kókó kejì ni pé láti ìgbà àtúnṣe òfin náà ní ọdún 2011, àdéhùn kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi bí a bá ti san owó rẹ̀. Ìlérí pé «a ó mú owó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀» kò bo ẹnikẹ́ni.

Wákàtí àkọ́kọ́

Kí a tó rántí ọkọ̀, ènìyàn ni kí a rántí. Kí awakọ̀ tan iná ìkìlọ̀, kí ó gbé àmì sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀ kí ọkọ̀ mìíràn má baà tún wá kọlù wọ́n, kí ó sì pe àwọn panápaná ní nọ́ńbà 118 bí ẹnikẹ́ni bá farapa. A kì í fa ẹni tó farapa jáde tìpá-tìkúùkù, àfi bí iná bá fẹ́ jó o. Lẹ́yìn náà ni a ó pe ọlọ́pàá. Ìwé tí ọlọ́pàá bá kọ ni iléeṣẹ́ asuráǹsì yóò béèrè bí ẹnikẹ́ni bá farapa tàbí bí ẹnikẹ́ni bá kú.

Bí ó bá jẹ́ pé irin nìkan ló bàjẹ́, àwọn awakọ̀ méjèèjì lè jọ kọ ìwé tí a ń pè ní constat amiable. Wọn yóò kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sí i, nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì, orúkọ iléeṣẹ́ asuráǹsì méjèèjì àti nọ́ńbà àdéhùn. Wọn yóò ya àwòrán bí ọkọ̀ ṣe dúró, àwọn méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní fóònù alágbèéká, kí ó ya fọ́tò kí wọ́n tó sún ọkọ̀ kúrò: ojú ọ̀nà, àmì táyà, ibi tó bàjẹ́, nọ́ńbà ọkọ̀ kejì. Kí ó tún gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tí ó fojú rí i.

Níbi báyìí ni a ti sábà máa ń gbọ́: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ láàárín ara wa.» Ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni, kò sì burú bí ó bá jẹ́ iná ẹ̀yìn kan ló fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ nǹkan kan lára lónìí lè má lè yí ọrùn lọ́la. Ọkọ̀ tí a rò pé bọ́ḿpà rẹ̀ nìkan ló wó lè jẹ́ pé egungun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀. Ẹni tó ti gba owó díẹ̀, tó sì ti fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti parí, yóò ṣòro fún un láti padà. Bákan náà ni ẹni tó bá kéde ní gbangba pé òun ni òun jẹ̀bi: ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló sọ pé irú ìjẹ́wọ́ tàbí ìparí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí iléeṣẹ́ asuráǹsì kò bá sí níbẹ̀, kò de iléeṣẹ́ náà. Kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí a sì fi ẹ̀bi sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá a.

Ọjọ́ márùn-ún

Ẹni tó ní asuráǹsì gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó iléeṣẹ́ létí ní kété tó bá ti mọ̀. Ìwé àdéhùn ló ń sọ iye ọjọ́, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ó dín ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ olè jíjà ni, àkókò náà kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dára jù ni kí a mú ìwé lọ fúnra wa, kí wọ́n fi èdìdì lu ẹ̀dà kan fún wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kì í dúró nígbà tí àríyànjiyàn bá dé. Ẹjọ́ láàárín oníbàárà àti iléeṣẹ́ asuráǹsì rẹ̀ lórí àdéhùn yìí sì ní ọdún méjì péré. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì.

Ní gáráàjì

Ìwàǹwára awakọ̀ yéni. Awakọ̀ takisí tí kò jáde lónìí kò ní owó lọ́la, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ń dúró de owó ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀, a kì í tún ọkọ̀ ṣe kí expert, ìyẹn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí iléeṣẹ́ asuráǹsì ń rán, tó wá wò ó. Bí ó bá dé tó bá ọkọ̀ dídán, kí ni yóò kọ? Kí mẹkáníìkì àti ẹni tó ń na irin ara ọkọ̀ kọ iye owó àtúnṣe sílẹ̀, kí wọ́n ya owó ẹ̀yà ara ọkọ̀ sọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́ ọwọ́. Kí a tọ́jú ẹ̀yà tó bàjẹ́ títí expert yóò fi rí i.

Ó tún yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò. Ká ní ẹnì kan ra asuráǹsì tó bo ọkọ̀ tirẹ̀, tí àtúnṣe sì jẹ́ 300 000 fáráǹkì: ẹ̀yà ara ọkọ̀ 200 000, iṣẹ́ ọwọ́ 100 000. Bí expert bá sọ pé ẹ̀yà àtijọ́ náà ti gbó ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, 40 000 yóò kúrò. Bí àdéhùn bá sì ní franchise 50 000, ìyẹn apá tí oníbàárà gbà láti dá gbé, 210 000 ni yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òun ni yóò wá 90 000 yòókù. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ní ti ẹni tí a kọlù, franchise tó wà nínú àdéhùn ẹni tó jẹ̀bi kò kàn án.

Bí owó àtúnṣe bá ju iye tí ọkọ̀ náà tó lọ, wọn kì í tún un ṣe mọ́. Iye tí ọkọ̀ náà tó kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ni wọn ń wò, kì í ṣe iye tí a rà á. Àwọn tó ra ọkọ̀ àlòkù ní ọ̀wọ́n ni èyí máa ń dùn jù.

Bí ènìyàn bá farapa

Èrò inú ọkọ̀, ẹni tí zẹmijan gbé, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn: gbogbo wọn ló lẹ́tọ̀ọ́. Òfin pàṣẹ pé láàárín oṣù 12 sí ọjọ́ ìjàǹbá, kí iléeṣẹ́ asuráǹsì sọ iye tí yóò san fún ẹni tó farapa, kódà bí onítọ̀hún kò bá tíì béèrè. Bí ẹni náà bá kú, oṣù 8 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn ajogún rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi ń san owó ìtọ́jú padà. Nítorí náà, ìwé dókítà, ìwé oògùn àti ìwé owó ilé ìwòsàn, kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Bí ẹni tó kọlù wọ́n bá sá lọ, tàbí tí kò ní asuráǹsì, Fonds de Garantie Automobile wà fún irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń kọjá ààlà

Láti Kétu dé Ìlárá, láti Ìgólò, láti Kraké, ọjọ́ kan kì í kọjá kí ọkọ̀ wa má wọ Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí carte brune ti CEDEAO fi ṣe pàtàkì. Kútọnu níhìn-ín ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982. Ó ń jẹ́ kí asuráǹsì tí a rà nílé dúró fún ẹni tí a bá ṣe ní ìjàǹbá ní òkè ààlà. Kì í tún ọkọ̀ ti ẹni tó gbé e dání ṣe. Lẹ́yìn ọlọ́pàá, ọ́fíìsì carte brune ti orílẹ̀-èdè tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ni a ó lọ, a ó sì tún fi tó iléeṣẹ́ tiwa létí.

Ìwé tí a kò kà

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Ìtìjú kò sí nínú kí bàbá ọlọ́kọ̀ sọ fún aṣojú asuráǹsì pé: «Ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá kí n tó fọwọ́ sí i.» Ìbéèrè mẹ́ta tó: kí ni ó ń bo, kí ni kò bo, èló ni èmi yóò dá gbé? Kí ó béèrè fún ìwé constat kan, kí ó fi sínú ọkọ̀ pẹ̀lú báírò. Ọjọ́ tí ara tutù ni kí a ṣe èyí, nítorí ẹni tó wà létí ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ kò ní àkókò láti kàwé.