Àwọn tó ń sẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnì ní òpópónà Woodward

Láti ọdún 1995, ní Sátidé kẹta oṣù kẹjọ, ọkọ̀ àtijọ́ máa ń kún òpópónà Woodward ní ìpínlẹ̀ Michigan, láti ẹ̀bá Detroit títí dé ìlú Pontiac. Ọ̀dà tó ń dán ni àlejò kọ́kọ́ ń rí. Àwọn àgbà tó mọ ọkọ̀ kì í wo ọ̀dà, etí ni wọ́n ń fi sí i. Ẹ́ńjìnì kan á máa dún geere bí ìlù tí onílù fa ọsán rẹ̀ dáadáa. Èkejì rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe lọ́dún kan náà, á máa wúkọ́ nídìí iná ojú títì, á sì máa rú èéfín dúdú. Ọwọ́ ẹni tó sẹ́ẹ̀tì wọn ló yàtọ̀.

Nígbà kan, iṣẹ́ yìí ní ibùjókòó. Royal Pontiac ni wọ́n ń pè é, ilé ìtajà ọkọ̀ ti Ace Wilson ní Royal Oak, ìlú tí Woodward gbà kọjá. Lọ́dún 1963, General Motors pàṣẹ pé kí àwọn ẹ̀ka òun, tí Pontiac jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, yọwọ́ nínú eré ìje ọkọ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ kò lè ṣe ní gbangba mọ́, àwọn tó ń bá a ta ọkọ̀ gbà á ṣe. Jim Wangers, òṣìṣẹ́ ilé ìpolówó ọjà tó ń polówó Pontiac, ló wà nídìí ètò náà. Nígbà tí GTO, ọkọ̀ Pontiac ti ọdún 1964, dé pẹ̀lú ẹ́ńjìnì 389 (ìwọ̀n inú rẹ̀ ní íǹṣì kúbíìkì) tó ní agbára ẹṣin 325, tàbí 348 fún ẹni tó bá gba oríṣi oníkábúrétọ̀ mẹ́ta, oníbàárà lè san owó lé e kí àwọn ọmọ Royal tú ẹ́ńjìnì náà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń pè ní Bobcat.

Ẹ́ńjìnì kan náà ni wọ́n ń dá padà fún un. Gásíkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń rọ́pò èyí tó nípọn, kí afẹ́fẹ́ àti epo lè fún pọ̀ sí i. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀tì (ihò tí epo ń gbà wọlé) tó tóbi díẹ̀ sínú kábúrétọ̀, wọ́n á dí ihò tí èéfín gbígbóná ń gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì tún inú dísítíríbútọ̀, tó ń pín iná fún àwọn pulọ́ọ̀gì, ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí gbòǹgbò gbogbo rẹ̀.

Kí ló dé tí ilé iṣẹ́ kò fúnra rẹ̀ ṣe é tán? Kò mọ ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà ni. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú yìnyín Minnesota, ó sì lè jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń tẹ iná mọ́lẹ̀ nínú oòrùn Arizona, tó sì ń ra epo tó pọ́ọ́kú jù. Torí náà, ibi tí kò ti ní bàjẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni wọ́n ń sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí.

Ìdí tí dísítíríbútọ̀ fi jẹ́ gbòǹgbò rèé: epo kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí pulọ́ọ̀gì bá ti ṣáná títí iná á fi ràn ká inú sìlíńdà, àkókò díẹ̀ ń kọjá, písítìnnì kò sì dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí iná fi gbọ́dọ̀ ṣáájú kí písítìnnì tó dé òkè. Bí ẹ́ńjìnì bá ń dún lójú kan, dígírì 8 sí 12 tó fún ọ̀pọ̀ V8 ayé ìgbà náà. Bí ó bá ń yí tó ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó di dígírì 34 sí 36. Irin kéékèèké méjì inú dísítíríbútọ̀ ló ń ṣe ìṣirò yìí: bí eré ṣe ń le ni wọ́n ń là síta, sípíríǹgì sì ń fà wọ́n padà. Sípíríǹgì líle ń mú kí iná pẹ́ dé. Èyí tó rọ̀ ń mú kó tètè dé. Iná tó pẹ́ ń sọ ọkọ̀ di ọ̀lẹ, ẹ́ńjìnì á sì máa gbóná. Èyí tó yá jù ló burú jù. Á pàdé písítìnnì níbi tó ti ń gòkè bọ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn kan bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú igbá, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè dá písítìnnì lu.

Tọ́ọ̀ṣì kan wà tí wọ́n fi ń rí gbogbo èyí. Wọ́n á so ó mọ́ wáyà pulọ́ọ̀gì kìíní, á sì máa ṣẹ́jú nígbàkígbà tí pulọ́ọ̀gì náà bá ṣáná. Bí wọ́n bá tàn án sí púlì tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnì, àmì tí wọ́n fín sí púlì náà á dúró jẹ́ẹ́ lójú ẹni, bí ẹni pé púlì kò yí rárá. Mẹkáníìkì á wá dẹ nọ́ọ̀tì ìdí dísítíríbútọ̀, á yí i díẹ̀, á sì rí i tí àmì náà ń sún. Mi ò tíì rí iṣẹ́ mẹkáníìkì mìíràn tó dùn ún wò tó èyí.

Ẹ̀yìn èyí ni kábúrétọ̀ kàn. Wọ́n á wo bí epo ṣe ga sí nínú rẹ̀, wọ́n á sì máa yí sùkúrúù rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi fẹ́ kú, kí wọ́n tó yí i padà síta títí á fi dún dọ́gba. Ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀ ni wọ́n ti tú palẹ̀ láìjẹ̀bi, nígbà tó jẹ́ pé iná ló ṣẹ̀. Ẹni tó bá rántí mẹkáníìkì tó ń ki abẹ́ ayùn bọ inú kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń já iná nínú dísítíríbútọ̀ kí pulọ́ọ̀gì lè ṣáná, nínú ọkọ̀ Ìjàpá nílé wa mọ ohun tí mò ń wí. Ọgbọ́n ìṣáná ti Charles Kettering, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, tí Cadillac lò sínú ọkọ̀ rẹ̀ ti 1910, ni gbogbo ọkọ̀ oníkọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì jogún.

Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1970 àti ọ̀wọ́n epo 1973 ló fòpin sí ayé àwọn ọkọ̀ yìí. Lọ́dún 1975, General Motors yọ kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Pontiac fúnra rẹ̀ kógbá wọlé lọ́dún 2010. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò tán. Òjé ti kúrò nínú epo ọkọ̀ ojú títì Amẹ́ríkà pátápátá láti 1996, ethanol sì máa ń tó ìdá 10 nínú 100 epo tí wọ́n ń tà báyìí, èyí tó ń béèrè jẹ́ẹ̀tì tó tóbi díẹ̀. Ìwé ìlànà 1965 nìkan kò tó mọ́. Ó di dandan kí ẹnì kan tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì náà.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan sùkúrúù kábúrétọ̀ kí ẹ tó fi tọ́ọ̀ṣì rí i dájú pé iná ń wá lásìkò.