Àpò Àgbàdo Mẹ́fà Tí Kò Dé

Láti 2011 tí Yunifásítì Landmark ti bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán ni ará ìlú ti ń rí bí ọjà tí ilé-ìwé ńlá ń rà ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká fọkàn ro ilé-ìwé mìíràn níbẹ̀, tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, tó ń sin adìẹ, tó sì fẹ́ ra àpò àgbàdo 100. Níbi tí kò bá sí ètò, ẹnì kan náà ni yóò pe oníṣòwò tó mọ̀, tí yóò gba ọjà, tí yóò tún ní kí akápò sanwó. Ètò ìrajà orí kọ̀ǹpútà ń pín iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń kọ ohun tí kálukú ṣe sílẹ̀, tọjọ́ taago.

Ẹni tó ń bójú tó adìẹ á tẹ ohun tó fẹ́ sínú rẹ̀. Ètò á wò ó bóyá owó ṣẹ́ kù fún oúnjẹ adìẹ, á gbé e síwájú ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i, ètò á béèrè iye lọ́wọ́ àwọn alágbàdo Èsìẹ́, Òmù-Àrán àti Ìlọrin.

Ibí yìí ló gba àkíyèsí jù. Òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ ti 2007 sọ pé bí iléeṣẹ́ ìjọba bá ń béèrè iye báyìí láti ra ọjà tówó rẹ̀ kò pọ̀, kó gba iye lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta, ó kéré tán, tí wọn ò bára wọn tan. Òfin náà kò de ilé-ìwé aládàáni, àmọ́ ó bá ilẹ̀ Ìgbómìnà tí Òmù-Àrán wà mu, níbi tí a ti mọra wa dé ilé ìyá. Ẹnì kan lè fi orúkọ iléeṣẹ́ mẹ́ta mú iye mẹ́ta wá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù, àkáǹtì báńkì àti nọ́ńbà CAC (àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀) kálukú ti wà nínú ètò. Bí iléeṣẹ́ méjì bá ń lo àkáǹtì kan ṣoṣo, àṣírí á tú.

Wọ́n yan oníṣòwò kan, wọ́n fi àṣẹ ìrajà ránṣẹ́ sí i, ọjà dé. Ẹni tó wà ní stóò, tí kì í ṣe òun ló pàṣẹ ọjà, ka àpò, ó bá 94, ó sì tẹ 94. Ínfóìsì oníṣòwò ní 100. Ètò gbé àṣẹ ìrajà, iye tó wọ stóò àti ínfóìsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọn ò bára mu, owó dúró. Ètò kò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Ó lè jẹ́ pé àgbàdo àpò mẹ́fà yẹn kò gbẹ dáadáa, tí wọ́n dá a padà. Kí wọ́n yanjú rẹ̀ kówó tó jáde ni.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ pààrọ̀ àkáǹtì oníṣòwò, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà àtijọ́ tó wà nínú àkọsílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń rọ́nà wọlé.

Kí ètò má sì ṣọ́ oníṣòwò nìkan. Àgbẹ̀ Èsìẹ́ tó kó àgbàdo sílẹ̀ láwìn yẹ kó mọ ibi tí owó rẹ̀ dé. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, tí fóònù kékeré lè gbà, ti tó: ọjà rẹ ti wọlé, ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, ọjọ́ báyìí lowó ń bọ̀. Bí ọjọ́ ọ̀hún bá kọjá, orúkọ akápò ni kó máa yọ lójú ọ̀gá, bí orúkọ oníṣòwò tó pẹ́ kó tó kó ọjà wá ṣe ń yọ.